Ọwọ́ tí lẹ́tà bá wà: bí eré Caragiale ṣe ń ṣiṣẹ́

Lẹ́tà ìfẹ́ kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo eré O scrisoare pierdută, ìyẹn Lẹ́tà Tó Sọnù, tí Ion Luca Caragiale gbé jáde ní Ròmáníà lọ́dún 1884. Tipătescu, tí ìjọba fi ṣe olórí àgbègbè kan, ló kọ ọ́ sí Zoe, aya Trahanache, àgbà òṣèlú inú ẹgbẹ́ rẹ̀. Zoe sọ lẹ́tà náà nù. Ọ̀mùtí kan tí eré náà kò fún lórúkọ rí i he. Cațavencu, lọ́yà alátakò tó ní ìwé ìròyìn, rọ ọtí fún un títí ó fi yó, ó sì yọ lẹ́tà náà lápò rẹ̀. Ohun tó ń bèèrè kò pọ̀: kí wọ́n fa òun kalẹ̀ fún ilé aṣòfin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á tẹ̀ ẹ́ jáde.

Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ tí lẹ́tà bá wà ni àṣẹ wà. Tipătescu ní kí wọ́n ti Cațavencu mọ́lé. Zoe ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, torí orúkọ òun ni yóò bàjẹ́. Ó sunkún títí olólùfẹ́ rẹ̀ fi gbà. Àfi bí ìjà ṣe bẹ́ níbi ìpàdé ìdìbò, tí fìlà Cațavencu sọnù, abẹ́ aṣọ inú fìlà yẹn ló sì tọ́jú lẹ́tà sí. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọ̀mùtí yẹn náà ló tún rí fìlà. Ó ti ṣiṣẹ́ pínlẹ́tàpínlẹ́tà rí, nítorí náà ó gbé lẹ́tà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Òun nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn, èyí sì dùn mọ́ni gan-an.

Ẹ̀rín tó jinlẹ̀ jù wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ẹ wo Pristanda, ọlọ́pàá tí wọ́n sanwó fún kó gbé àsíá 44 kọ́ sígboro; Tipătescu, ọ̀gá rẹ̀, wá ka àsíá náà, kò pé rárá. Gbogbo ohun tí ọ̀gá bá sọ ló ń fi “curat” gbè lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí “lóòótọ́”, ó tún túmọ̀ sí “mímọ́”. Ọ̀gá ní nǹkan dọ̀tí; Pristanda ní “curat murdar”, bí ẹni ń sọ pé ìdọ̀tí náà mọ́ tónítóní.

Irú etí bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wá. Ìdílé eléré ìtàgé ni wọ́n bí Caragiale sí lọ́dún 1852, ní abúlé Haimanale. Ó da ìwé kọ ní kóòtù. Ní National Theatre ní Bucharest, òun ló ń rán òṣèré tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ létí. Ó tún ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Òkìkí kò bọ́ ọ: ó ta bíà, ó ní ilé oúnjẹ ní ibùdó rélùwéè Buzău, Akadẹ́mì Ròmáníà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé orílẹ̀-èdè náà, sì kọ̀ láti fún un ní ẹ̀bùn lọ́dún 1891. Ní Berlin ló kú sí lọ́dún 1912.

Ta ló wá wọlé ìbò? Dandanache ni, ẹni tí wọ́n rán wá láti Bucharest. Òun náà rí lẹ́tà ìfẹ́ èèyàn ńlá kan, ó sì fi halẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní ipò. Zoe bi í bóyá ó ti dá a padà. Ó ní rárá o, òun á tún nílò rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.