Aró inú oúnjẹ àti ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀

Ìyá kan gbé ike ohun mímu pupa kalẹ̀ sórí tábìlì mi kó tó jókòó. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 6, ti gun ibùsùn tí mo ti ń yẹ àwọn ọmọ wò, ó ti fò sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti tún gùn ún. "Dókítà, ẹ wò ó, ohun tó ń ṣe é rèé. Bó bá ti mu ún báyìí, a ò ní í sinmi títí ilẹ̀ á fi ṣú." Àwọn ará ilé ti sọ fún un pé ó kẹ́ ọmọ náà bàjẹ́ ni. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀ bó ṣe ń rò ó fún mi.

Mo gbà á gbọ́ pé ohun tó rí, ó rí i. Aró àtọwọ́dá máa ń da àwọn ọmọ kan láàmú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn òbí ṣe ń rò, ojú lásán kò sì lè sọ fún yín bóyá ọmọ tiyín wà lára wọn. Ẹ ní láti dán an wò, lọ́nà tí ọkàn yín kò fi ní í tàn yín jẹ.

Ní 1973 ni Benjamin Feingold, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, sọ pé ara ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ balẹ̀ nígbà tí òun yọ aró àtàwọn èròjà àtọwọ́dá mìíràn kúrò nínú oúnjẹ wọn. Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ kò rí iye ọmọ tó rí. Ìwádìí tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣègùn tún ọ̀rọ̀ náà rò ni ti Yunifásítì Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2007. Àwọn ọmọ ọdún 3 tí iye wọn jẹ́ 153 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 8 sí 9 tí wọ́n jẹ́ 144. Láwọn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń mu ohun tó ní aró. Láwọn ọ̀sẹ̀ mìíràn, èyí tí kò ní. Ìrísí àti adùn méjèèjì kò yàtọ̀ síra, àwọn òbí àti olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìwà wọn kò sì mọ èyí tí ọmọ ń mu. Tí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, ara wọn ń hó díẹ̀ sí i lásìkò aró. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé kì í ṣe àwọn ọmọ tí wọ́n ti sọ pé wọ́n ní àìsàn kan ni wọ́n lò, ọmọ lásán bíi tèmi tìrẹ ni.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò tóbi, kò sì rí bákan náà lára gbogbo ọmọ. Wọ́n tún po èròjà kan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́, sodium benzoate, mọ́ aró náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ya ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan náà fi hàn pé ó jọ pé àbùdá ló mú kí ó nípa lórí ọmọ kan ju èkejì lọ, pàápàá àwọn tí ara wọn kì í tètè fọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ histamine. Ìdí nìyẹn tí ọmọ méjì lè mu nínú ike kan, tí ọ̀kan á sùn, tí èkejì á sì máa fò káàkiri.

Láti oṣù Keje 2010, òfin Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí oúnjẹ tó bá ní ọ̀kan nínú aró mẹ́fà kan kọ ìkìlọ̀ sí ara rẹ̀ pé ó lè ṣàkóbá fún ìṣesí àti ìfọkànsí ọmọdé. Ìwádìí kan ní 2012 fojú bù ú pé nínú 100 ọmọ tó ní ADHD (àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí jókòó jẹ́ẹ́), bíi 8 ni aró lè máa pa kún ìṣòro wọn. Ní 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ California yẹ ìwádìí 25 wò, ó sì rí i pé 16 nínú wọn fi àmì kan hàn pé aró ń kan ìwà ọmọ. Ẹ má pò ó mọ́ ọ̀rọ̀ Red 3, aró pupa kan tí ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé nínú oúnjẹ ní oṣù Kìíní 2025; jẹjẹrẹ tó mú eku ló fa ìyẹn, kì í ṣe ìwà ọmọ.

Kí ló dé tí mo ní ojú lásán kò tó? Ní 1994, àwọn olùwádìí kan kó àwọn ìyá tó gbà pé ṣúgà ń gun ọmọkùnrin wọn jọ. Wọ́n sọ fún ìdajì wọn pé ọmọ wọn ti mu ṣúgà. Irọ́ ni, kò sí ọmọ kankan tó mu ṣúgà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ìyá tí wọ́n sọ fún ló ní ọmọ àwọn ń ya ìpátá, àwọn ló sì ń bá ọmọ wí jù. Ìfẹ́ ọmọ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ro ibi tí ọmọ ti sábà máa ń rí ohun aláwọ̀ títàn jẹ: òde ọjọ́ ìbí, níbi tí ariwo wà, tí ogún ọmọ ń sáré kiri, tí wọn kò sì ní í tètè sùn.

Ohun tí mo ní kí ìyá yẹn ṣe nìyí. Ọ̀sẹ̀ méjì láìsí aró rárá. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 12: bàbá nìkan ni yóò máa po ohun mímu nínú ife tó ní ìdérí, ẹ̀kán aró ìdáná díẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́fà, kò ní sí nínú ti ọjọ́ mẹ́fà yòókù, bó bá ṣe wù ú ni kó tò wọ́n. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi sínú àpòòwé. Kí ìyá fún ìwà ọmọ ní máàkì lálaalẹ́, láti 0 (ara rẹ̀ balẹ̀) dé 10 (kò lè jókòó rárá). A fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kìíní, torí ahọ́n ọmọ pọ́n fòò, ìyá sì rí i. Aró yẹ́lò la fi pààrọ̀ rẹ̀, a sì ní kí ọmọ máa fi omi ṣan ẹnu kó tó jáde láti ìdáná. (Ọmọ tí ara rẹ̀ ti wú rí, tàbí tí èémí rẹ̀ há lẹ́yìn ohun aláwọ̀, ẹ má dán èyí wò nílé.)

Nígbà tí a ṣí àpòòwé náà, márùn-ún nínú ọjọ́ mẹ́fà tó ní aró ló gba máàkì tó lé ní 7. Nínú àwọn tí kò ní, ọjọ́ kan péré ni. Ìyá náà kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ síwèé, dókítà, kí n lè fi han ìyá ọkọ mi."

Bí ẹ bá fẹ́ yọ aró, ara páálí ni kí ẹ máa kà, torí aró kan náà ń jẹ́ orúkọ púpọ̀. Red 40 ti Amẹ́ríkà ni E129 ti Yúróòpù, wọ́n tún ń pè é ní Allura Red. Yellow 5 ni E102, ìyẹn tartrazine. Yellow 6 ni E110. Mẹ́ta tó kù nínú aró mẹ́fà tí òfin Yúróòpù tí mo mẹ́nu bà lókè kàn ni E104, E122 àti E124. Kì í ṣe inú ohun tó ń tàn yòò nìkan ni wọ́n máa ń wà. Mo ti rí wọn nínú kéèkì aláwọ̀ ilẹ̀, àti nínú oògùn olómi àwọn ọmọdé. Ẹ má torí ìyẹn dá oògùn dúró o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn bóyá èyí tí kò ní àwọ̀ wà. Ní tèmi, n kò rí ohun tí ọmọ pàdánù bí ẹ bá tilẹ̀ yọ ọ́ láìdán an wò: aró kò ní adùn, kò ní okun, ojú nìkan ló wà fún.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí aró máa bo ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Bàbá kan fi ọdún kan gbáko ka ara gbogbo páálí nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí kì í gbọ́ràn ní kíláàsì. Nígbà tí a yẹ etí ọmọ náà wò, omi ló wà lẹ́yìn ìlù etí rẹ̀ méjèèjì. Kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ ni. Nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ méjì láìsí aró kò bá yí nǹkan padà, tí wàhálà náà sì ti lé ní oṣù mẹ́fà, nílé àti níléèwé, ẹ mú ọmọ wá. Ẹ mú ìwé máàkì yẹn dání, kí ẹ sì kọ wákàtí tó ń sùn àti ìgbà tó ń jí sí i.