Omi Kànga Tí Sísè Ò Ràn

Lẹ́nu iṣẹ́ àyẹ̀wò omi tí mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn onílé fi ń pàdé mi: "Omi wa mọ́ gaara, ẹ wò ó, ẹ ń rí ìsàlẹ̀ kànga." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n náítíréètì tí mò ń wá, ìyẹn èròjà kan tó máa ń ti ara ìgbẹ́ àti ìtọ̀ yọ́ wọnú omi, kì í da omi rú, kì í rùn, ahọ́n ò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n pè mí sí agboolé kan lẹ́yìn Tákìé. Mo bá màmá àgbà kan nídìí àdògán, ó ń se omi tí wọ́n ń fi po mílíìkì ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù méjì. Ó ti ń hó tipẹ́. Mo ti pépà àyẹ̀wò bọ inú omi garawa. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó ti pọ́n bí omi sóbò. Mo fi wé àwọ̀ tó wà lára agolo rẹ̀: ó ti kọjá 50. Míligíráàmù 50 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí náítíréètì inú omi mímu má kọjá.

"Ọmọ mi, ṣé kí n tún jẹ́ kó hó sí i ni?"

Ẹ̀yin Màmá, rárá o. Iná ń pa kòkòrò, kì í lé náítíréètì. Omi ló ń bá ooru lọ, náítíréètì á jókòó sínú ìkòkò, bí ọbẹ̀ tó gbẹ ṣe ń níyọ̀ jù. Ẹ se lítà mẹ́rin títí ó fi ku méjì, tinú lítà kọ̀ọ̀kan ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Álọ́ọ̀mù ò ràn án, kílórìnì ò ràn án.

Àgbàlagbà lè mu ún kó má mọ nǹkan kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń kó sí wàhálà, torí náítíréètì ń yí padà nínú rẹ̀, á ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́. Ètè, inú ẹnu àti èékánná ọmọ á máa ṣú bí ẹni fi aró pa á. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn kíá, kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ kànga fún dókítà.

Mo yí ilé náà po. Ṣalángá wà lókè, kànga wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré. Ewúrẹ́ mẹ́ta so mọ́ ẹnu kànga. Kí la tún ń wá?

Ní aṣálẹ̀ Kàlàhárì, ní Bòtswánà àti Nàmíbíà, kànga lè ní náítíréètì láìsí ṣalángá nítòsí rárá. Ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kó o jọ, òjò ò sì pọ̀ tó láti là á. Tiwa kì í ṣe aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n àpáta ló wà lábẹ́ ìlú wa, omi kànga ò jìn, ẹ̀gbin ò sì ní rìn jìnnà kó tó bá a. Àkọ́rọ̀ ni mo bẹ̀rù jù: ohun tí ilẹ̀ ti kó jọ látìgbà ọyẹ́, ó lè fọ gbogbo rẹ̀ wọ kànga lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ yẹ omi wò nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí, kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn àkọ́rọ̀.

Ọmú nìkan ló dára jù fún ọmọ ọwọ́. Náítíréètì tí ìyá mu kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọmú. (Àgbo tẹ́ ẹ fi omi kànga sè, omi kànga náà ni o.) Bí mílíìkì bá di dandan, omi tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni kẹ́ ẹ fi pò ó. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun, kó gbẹ́ ẹ sókè ṣalángá, kó fi ọgbọ̀n mítà sílẹ̀, ó kéré tán.

Wọn ò dí kànga yẹn, torí ó ṣì dára fún aṣọ fífọ̀ àti ìwẹ̀. Màmá so àkísà pupa mọ́ okùn ìfàmi rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bàa bù ú po mílíìkì.