Sípíkà Ayíniká Nínú Pálọ̀: Ṣé Ó Ṣì Tó Nǹkan Tí À Ń Náwó Lé?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Dùgbẹ̀ lónìí, páálí méjì ni yóò bá níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń du owó àpò rẹ̀. Ọ̀kan fẹ̀, ó sì wúwo: sípíkà márùn-ún àti wúfà kan ló wà nínú rẹ̀, irú home theatre tó gbòde nígbà tí gbogbo ilé ń ra DVD. Èkejì gùn tẹ́ẹ́rẹ́: soundbar ni, ẹyọ kan tí wọ́n ń gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọlọ́jà á ní iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Kò parọ́, àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ kò pé. Kí ènìyàn tó mọ èyí tó yẹ kó sanwó fún, ó ní láti mọ ohun tí àwọn sípíkà ẹ̀yìn wọ̀nyẹn wà fún, ibi tí ohùn wọn ti ń wá, àti ohun tí pálọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe sí ohùn náà.

Etí méjèèjì àti ọpọlọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bí ènìyàn bá dúró ní Mọ́kọ́lá tó dijú, tí Micra kan tẹ fèrè lápá ọ̀tún rẹ̀, ohùn náà á kọ́kọ́ kan etí ọ̀tún kó tó kan ti òsì. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ ń kà á. Orí náà tún ń dínà fún ohùn ọ̀hún díẹ̀, tó fi jẹ́ pé yóò ti rẹlẹ̀ kó tó dé etí òsì. Ní ti èyí tó bá wá láti ẹ̀yìn tàbí láti òkè, kọ̀rọ̀ àti ìtẹ̀sí ara etí ló ń yí i padà lọ́nà tí ọpọlọ ti kọ́ láti kékeré.

Sípíkà méjì iwájú ń fi èyí tan etí jẹ. Bí ohùn kan bá jáde lára méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ìwọ̀n kan náà, ẹni tó jókòó ní àárín gbùngbùn á gbọ́ ọ bíi pé àárín ló ti wá, níbi tí sípíkà kankan kò sí. Ẹni tó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri kò ní rí ìgbádùn yìí: sípíkà tó sún mọ́ ọn ló máa fa gbogbo ohùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Pálọ̀ wa kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn kan ṣoṣo ti ń dá jókòó sí àárín. Bàbá, ìyá, àwọn ọmọ àti àlejò á pín ara wọn yíká ògiri mẹ́ta.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi sípíkà sí àárín gan-an. Ọ̀nà ohùn mẹ́fà ló wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní 5.1: mẹ́ta níwájú, méjì fún ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, àti ẹyọ kan fún dùm-dùm ìsàlẹ̀, èyí tí kì í kọjá 120 Hz (ìyẹn ìgbọ̀n 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tí wọn kò fi kà á sí odidi. Ìlànà ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ni pé kí sípíkà ọ̀tún àti òsì wà ní ìwọ̀n 30 dígíríì sí àárín, kí ti ẹ̀yìn sì wà láàárín 100 àti 120 dígíríì. Ẹni tó bá fojú wọn 110 dígíríì láti orí àga á rí i pé ẹ̀gbẹ́ etí ni, ó kàn fà sẹ́yìn díẹ̀. Kọ́nà ògiri ẹ̀yìn lókè wíńdò, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kan wọ́n mọ́, kọ́ ni ibi tí ẹni tó da ohùn fíìmù pọ̀ rò pé wọ́n máa wà.

Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ti àárín ló ṣe pàtàkì jù lọ, òun náà sì ni àwọn tó ń ra nǹkan kì í béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ń gbà jáde. Ẹjọ́ tí gbogbo ilé ń rò, pé ariwo ìbọn àti orin ti pọ̀ jù, a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ibẹ̀ ló ti wá: tẹlifíṣọ̀n ti gba ọ̀nà mẹ́fà, ó ti rọ́ gbogbo wọn sínú sípíkà méjì tó tín-ín-rín, tó sì dojú kọ ilẹ̀ tàbí ògiri. Bí sípíkà àárín bá dá dúró, ènìyàn lè gbé ọ̀rọ̀ nìkan sókè kó sì fi ìbọn sílẹ̀ níbi tó wà. Fún ilé tí àgbàlagbà wà, èyí nìkan tó ìdí láti náwó.

Àwọn sípíkà ẹ̀yìn ní tiwọn máa ń dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹlòmíràn á ti gbé wọn lọ fún àwọn tó ń tún rédíò ṣe, pé wọ́n ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé fíìmù náà kò tíì ní nǹkan kan láti fi síbẹ̀ ni. Òjò, èrò ọjà, ìgbe àwọn òǹwòran bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ òfúrufú tó ń kọjá: irú wọn ló ń lọ síbẹ̀.

Ohun tó wọlé gan-an ló ń pinnu bóyá wọ́n máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959, ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo ló ń bá àwòrán wá. Ní 2012 tí ilé iṣẹ́ Dolby gbé ètò ohùn ayíniká tí wọ́n ń pè ní Atmos wọ sinimá, ohùn tó tó 128 ni ẹ̀rọ náà lè darí káàkiri gbọ̀ngàn, títí dé àjà. Láàárín ìbẹ̀rẹ̀ yẹn àti Atmos ni fíìmù ilé wa wà. VCD tí a fi ń wo fíìmù Yorùbá nígbà náà, ọ̀nà méjì péré ló lè gbé. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ tí home theatre ti ń bú ramúramù láyé ọjọ́un, ayédèrú ni ohùn ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀rọ náà ló ń ṣe é fúnra rẹ̀: ó ń wo ohun tó dọ́gba lápá ọ̀tún àti òsì, ó ń tì í sí àárín, ó ń wo ohun tó yàtọ̀ nínú méjèèjì, ó ń jù ú sẹ́yìn. Ọgbọ́n yẹn kò burú. Ohùn ènìyàn sábà máa ń dọ́gba lápá méjèèjì, àtẹ́wọ́ àti òjò kì í dọ́gba, nítorí náà kálukú á bá ara rẹ̀ níbi tó yẹ ẹ́. Àmọ́ ó tún máa ń ṣìnà, pàápàá lórí orin.

YouTube ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ti ń wo fíìmù Yorùbá báyìí, ọ̀nà méjì náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ní. Ọ̀pọ̀ fíìmù lórí Netflix ní 5.1, Atmos níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń san owó ètò tó ga jù. Ilé tó jẹ́ pé YouTube àti ìròyìn ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ dalẹ́, sípíkà iwájú méjì tó dára á wúlò fún wọn ju márùn-ún tí kò dára lọ. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, kò sì sí ọlọ́jà tó máa sọ ọ́ fún oníbàárà.

Wáyà náà tún lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tó fi Bluetooth so fóònù mọ́ home theatre, ọ̀nà méjì ló ń gbọ́. Wáyà olórí pupa àti funfun, méjì náà ni. Kí 5.1 tó lè ti inú tẹlifíṣọ̀n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ó ní láti gba ojú HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí lára, tàbí wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, èyí tí wọ́n ń pè ní optical. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ibi ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n. Bó bá wà lórí PCM, méjì ló máa fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà ARC tàbí optical. Ẹ gbé e sórí Bitstream tàbí Auto. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ètò kékeré yìí ti fi 5.1 wọn dù fún ọdún pípẹ́.

Ká wá wọ pálọ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ táìlì, wíńdò gíláàsì: gbogbo wọn ló ń da ohùn padà. Ẹ pa àtẹ́wọ́ kan ní àárín yàrá. Bí ohùn rẹ̀ bá ń ta gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó kú, ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí sípíkà tó lè wo àìsàn yẹn sàn. Kápẹ́ẹ̀tì níwájú àga, kọ́tìnì tó nípọn àti àga tìmùtìmù ń gbé ohùn mì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù tí kò ní àjà tó dára lábẹ́, kí onílé pa fíìmù náà kó lọ sùn.

Wúfà ni wàhálà rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà 8 lọ. Ti èyí tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Nítorí gígùn yìí, etí kì í lè tọ́ka sí ibi tí dùm-dùm ti ń wá, ìdí nìyẹn tí wúfà kan ṣoṣo fi tó, tí wọ́n sì lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ìgbì gígùn yẹn máa ń há sáàárín ògiri. Nínú yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóròó, irú èyí tó kún ìgboro Ìbàdàn, ohùn tó wà ní nǹkan bíi 47 Hz á wú lẹ́bàá ògiri, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní àárín yàrá. Bí ìbú àti òró bá dọ́gba, ó burú sí i, nítorí ibì kan náà ni wàhálà méjèèjì ń bọ́ sí. Atúnṣe rẹ̀ kò gbówó: ẹ gbé wúfà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ gbé orin onídùm-dùm sí i, kí ẹnì kan wá rákò yíká ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibi tó bá ti gbọ́ ọ tó dọ́gba, tí kò wú tí kò sì tín-ín-rín, ibẹ̀ ni kí wúfà máa gbé. Ẹni tó ń gbé ilé face-me-I-face-you ní láti rántí pé ògiri tó ń dá ọ̀rọ̀ ẹnu dúró kì í dá wúfà dúró.

Soundbar ń gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan ń ju ohùn lu ògiri ọ̀tún àti òsì kó lè ta dé ẹ̀yìn. Àwọn kan ń ju ú lu àjà kó lè rọ̀ wálẹ̀. Àwọn mìíràn ń yí ohùn náà padà bí kọ̀rọ̀ etí ṣe máa yí i bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ti wá. Pálọ̀ tó ṣí sí yàrá ìjẹun lápá kan kò ní ògiri tí ohùn máa lù níbẹ̀. Àjà POP tó tẹ́ pẹrẹsẹ dára fún irú èyí tó ń ta sókè, àmọ́ POP alákànpọ̀ tí wọ́n gbẹ́ oríṣiríṣi ọnà sí á fọ́n ohùn náà ká. Soundbar tó bá ní wúfà tirẹ̀ àti ọ̀nà àárín tó dá dúró tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Àmọ́ kò sí ọgbọ́n tó ju kí sípíkà gidi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn lọ, bí fíìmù bá ní nǹkan láti fi ránṣẹ́ síbẹ̀ tí àyè wáyà sì wà. Sípíkà ẹ̀yìn tí wọ́n ní kò ní wáyà náà ṣì ń béèrè sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ti iná, ẹ má fọkàn sí 5,000W tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. PMPO ni wọ́n ń pe ìyẹn, iye ìpolówó lásán ni, kò wọn nǹkan kan. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ. Bó bá jẹ́ 60W ló ń gbà lọ́wọ́ IBEDC, kò lè máa pèsè 5,000. RMS ni kí ẹ béèrè, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa pèsè láìdáwọ́dúró. Ìlọ́po méjì wáàtì kì í sọ ariwo di ìlọ́po méjì létí. Ó máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá kí etí tó gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nínú pálọ̀ kékeré, wáàtì díẹ̀ tó mọ́ ti tó, ó sì rọrùn fún ínfátà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ẹ̀rọ tuntun lè wá tokunbo. Èyí tó ti pẹ́ tí kò ní ARC ṣì lè gba 5.1 láti ojú optical. Bí ẹ bá ti so ó, ẹ wọn bí sípíkà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àga, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ètò rẹ̀: mítà kan jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá fún ohùn, ẹ̀rọ náà á sì dá èyí tó sún mọ́ jù dúró díẹ̀ kí gbogbo wọn lè jọ dé. Kí pupa lọ sí pupa, kí dúdú lọ sí dúdú, nítorí sípíkà tí wọ́n so lódì máa ń jẹ dùm-dùm ẹnìkejì rẹ̀. Ṣáájú gbogbo èyí, ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò kí ẹ tó kì í bọ iná. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ni wọ́n ṣe é fún. 230V tiwa á jó o lójú ẹsẹ̀, àyàfi bí ẹ bá ra transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì yọ owó yẹn kúrò nínú iye tí ẹ máa ná an.