Ìdá 43 Meghan jẹ́ ti Nàìjíríà: ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Meghan, ìyàwó Ọmọọba Harry, sọ lórí ètò pọ́díkáàsì rẹ̀ pé àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ìdá 43 nínú 100 òun jẹ́ ti Nàìjíríà. Nígbà tí tọkọtaya náà ṣàbẹ̀wò sí wa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Olúwòó tìlú Ìwó sọ ọ́ ní Adétòkunbọ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn rú wọn lójú. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù nìyí.

Ṣé wọ́n kọ "Nàìjíríà" sínú DNA ni?

Rárá o.

Ibo wá ni kọ̀ǹpútà ti rí i?

Nínú àfiwé ni. Ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò á tutọ́ sínú ìgò kékeré, á fi ránṣẹ́. Lẹ́tà inú DNA èèyàn (A, C, G àti T ni wọ́n) tó bílíọ̀nù 3, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ló yà wá sọ́tọ̀ síra wa. Ojúkò bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 sí 700, níbi tí a ti mọ̀ pé èèyàn máa ń yàtọ̀, ni ẹ̀rọ ń kà. Sọ́fítíwia á gé àkọsílẹ̀ yìí sí abala-abala, á fi abala kọ̀ọ̀kan wé ti àwọn èèyàn tó ti mọ orírun wọn tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá jọ ti ará Nàìjíríà jù, ibẹ̀ ló ń kà á sí. Lẹ́yìn náà ló máa ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ wo ADMIXTURE, sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tó jáde ní 2009, tí àwọn onímọ̀ ń lò gan-an. Olùwádìí fúnra rẹ̀ ló máa sọ iye ìsọ̀rí tí sọ́fítíwia náà máa pín àwọn èèyàn sí. Fáìlì èsì rẹ̀ kò ní ju nọ́ńbà lọ: ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti èèyàn kan, òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìsọ̀rí kan, bíi 0.43 àti 0.57, àròpọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Kò sí orúkọ ẹ̀yà kankan níbẹ̀. Èèyàn ló ń wo àwọn tó kún inú òpó kan, tó wá ń sọ pé ti báyìí-báyìí nìyí.

Àwọn wo ni wọ́n fi ń ṣe àfiwé?

Àwọn ará Ìbàdàn wà lára wọn, ó sì dùn mí pé díẹ̀ nínú wa ló mọ̀. Ní 2002 ni HapMap bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbáyé tó ń wá ibi tí DNA èèyàn ti yàtọ̀ síra. Èèyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò, Yorùbá láti Ìbàdàn sì jẹ́ 90 nínú wọn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àwọn òbí òbí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ará àdúgbò jíròrò, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọn kò kọ orúkọ mọ́ ọn. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà ní Coriell Institute, ilé tí wọ́n ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì sí fún ìwádìí, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, títí dòní.

Ní 2008, iléeṣẹ́ Illumina, tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ka DNA, ka DNA ọkùnrin kan nínú wọn tán pátápátá. NA18507 nìkan ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí 1000 Genomes, iṣẹ́ àgbáyé mìíràn tó ń ka DNA èèyàn, parí ní 2015, èèyàn 2,504 láti agbègbè 26 ló wà nínú rẹ̀. 108 jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn, tí àmì wọn ń jẹ́ YRI. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣètò HapMap kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe YRI ní "Áfíríkà", kódà kó má pè é ní gbogbo Yorùbá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti fi wọ́n dípò gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń fi àwọn oníbàárà tiwọn kún un.

Ṣé ó lè ya Yorùbá sọ́tọ̀ sí Ìgbò tàbí Ẹ̀sán?

Ó ṣòro gan-an. Aládùúgbò ni wá, a sì ti ń fẹ́ra wa tipẹ́. Ẹ̀sán 99 wà nínú 1000 Genomes, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn àti YRI kéré púpọ̀. Ẹ tún rántí pé ẹnubodè tí àwọn òyìnbó fà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Ará Bahia ní Brazil tí baba ńlá rẹ̀ wá láti Kétu lè rí "Benin àti Togo" nínú èsì rẹ̀. Ọmọ Yorùbá náà ni.

Ìyá kan, bàbá kan, kí ló dé tí èsì tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi kò bára mu?

Ìdajì ni òbí kọ̀ọ̀kan ń fún ọmọ, kì í sì í ṣe ìdajì kan náà.

Èsì mi yàtọ̀ sí ti ọdún tó kọjá.

DNA yín kò yí padà. Àwọn tí wọ́n fi ń wé yín ló pọ̀ sí i, tàbí kí wọ́n ti tún sọ́fítíwia náà ṣe.

Ṣé mo lè fi wo genotype mi?

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Iléeṣẹ́ lè gbà kí ẹ gbé fáìlì DNA yín sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó rí ìlà rẹpẹtẹ níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ ojúkò, nọ́ńbà krómósómù (ìdì tí DNA pín sí), ipò rẹ̀ àti lẹ́tà méjì. Ojúkò tí wọ́n ń pè ní rs334, lórí krómósómù 11, ni ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó bá rí AA níbẹ̀ lè fò sókè pé òun jẹ́ AA. Nínú ọ̀pọ̀ irú fáìlì yìí, òdìkejì rẹ̀ ni: A yẹn ni lẹ́tà tó gbé àrùn, AA sì túmọ̀ sí SS. TT ni ẹni tí kò ní S. Àní TT náà kò fi dandan sọ yín di AA, torí ojúkò mìíràn ni ti C (irú èyí tó wà nínú AC àti SC) wà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Èsì DNA mi ní àtọ̀gbẹ lè ṣe mí lọ́jọ́ iwájú. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó gbọ̀n. Àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀ jù, kì í sì í bá wa mu dáadáa. Ní 2020, àwọn onímọ̀ H3Africa, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí DNA àti ìlera ní Áfíríkà, ka DNA èèyàn 426 láti ẹ̀yà 50 ní Áfíríkà, wọ́n sì rí ìyàtọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 3 tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Ibi tí àkọsílẹ̀ yẹn lè dé. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí ìsọfúnni èèyàn bíi mílíọ̀nù 6.9 ní 23andMe, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe àyẹ̀wò DNA. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, iléeṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ pé òun ti wọ gbèsè, DNA àwọn oníbàárà sì di ara ohun tí wọ́n fẹ́ tà. Ní 2018, ọlọ́pàá California mú apànìyàn kan torí pé àwọn ìbátan rẹ̀ ti fi DNA tiwọn sórí GEDmatch, ìkànnì tí èèyàn ti ń fi DNA wá ìbátan. Inú wa dùn sí èyí, àmọ́ ó fi hàn pé ẹni tó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ ti fi ti ẹbí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ tó tutọ́.

Mo ti fi ránṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ wọ àkáǹtì yín, ẹ gba fáìlì yín, kí ẹ ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ẹ tún béèrè lọ́tọ̀ pé kí wọ́n da itọ́ náà nù, torí pípa àkáǹtì rẹ́ lè má kan èyí tó wà nínú fíríìjì wọn.