Fáàfù ṣáwà, àti bí wọ́n ṣe ń jó o mọ́ páìpù bàbà

Ọwọ́ tí à ń yí nínú balùwẹ̀ kọ́ ni fáàfù. Idẹ tó wà nínú ògiri, lẹ́yìn táìsì, ni fáàfù gan-an. Omi gbígbóná ń bá ọwọ́ òsì wọ inú rẹ̀, omi tútù ń bá ọ̀tún wọlé; bí wọ́n bá ti pò pọ̀ tán, ẹnu kan ń gbé wọn lọ sókè sí ṣáwà, èkejì ń gbé wọn wálẹ̀ sínú báàfù.

Ẹni tó bá gbé ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà rí á mọ ìyà yìí: o ń wẹ̀ lọ́wọ́, ẹnì kan flọ́ọ̀ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ọ lẹ́yìn. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ń fa omi tútù sínú tánkì rẹ̀. Agbára omi tútù wá dínkù, ti gbígbóná kò sì yẹ̀. Fáàfù tí wọ́n ń pè ní pressure-balance ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ èyí. Nǹkan kékeré kan ń sún síwá sẹ́yìn láàárín omi méjèèjì nínú rẹ̀: bí tútù bá rọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni yóò ha ọ̀nà mọ́ gbígbóná náà. Ẹni tó bá ń fi í síbẹ̀ tún gbọ́dọ̀ dí i kí omi má lè gbóná kọjá 49°C. Ẹ má fojú kéré èyí bí ọmọdé bá wà nílé, torí omi 60°C lè bó àgbàlagbà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni bàbà. Nílé ní Nàìjíríà, páìpù PVC (oníke) àti gọ́ọ̀mù ni plọ́ńbà mọ̀, ó parí. Bàbà ń fẹ́ iná. Ẹ fi sáńpépà nu ìta páìpù àti inú ẹnu tó fẹ́ wọ̀ títí wọ́n á fi dán, ẹ fi flux (ìpara tó ń jẹ́ kí irin tó yọ́ lẹ̀ mọ́ bàbà) pa wọ́n, kí ẹ tì wọ́n bọ ara wọn. Solder ni wáyà irin rírọ̀ tó ń yọ́ láti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn máa fi iná yọ́ ọ. Ẹnu idẹ náà ni kí iná gbóná. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi solder kan òdìkejì ibi tí iná wà. Òun fúnra rẹ̀ á sáré wọ àlàfo náà, kódà á gòkè, bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Bí ẹ bá ti rí òrùka tó ń dán yí i ká, ẹ gbé iná kúrò, ẹ má sì mì í títí yóò fi dì.

Solder tí kò ní òjé ni kí ẹ rà. Amẹ́ríkà ti fòfin de olójèé fún páìpù omi mímu láti ọdún 1986. Èyí tí kò ní òjé máa ń lé ní 200°C kó tó yọ́. Omi sì ń hó ní 100°C, nítorí náà bí ẹ̀kán omi bá ṣì ń jò bọ̀ nínú páìpù, ẹ máa fi iná sí i títí ni, kò ní gbà. Àwọn àgbà plọ́ńbà a máa ki inú búrẹ́dì funfun bọ̀ ọ́ kó fi dá omi dúró. Yóò yòrò bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn omi padà. Ẹnu báàfù ni kí ẹ jẹ́ kó bá jáde o, kó má baà dí ojú ṣáwà.

Kí iná tó kàn án, ẹ yọ katiríìjì inú fáàfù (ẹ̀yà tó ń ṣí omi, tó sì ń tì í), torí rọ́bà àti pílásítíìkì wà lára rẹ̀. Ní tèmi, fáàfù tó ní tíréèdì (ojú tí à ń yí bíi ti ìdérí ìgò) ló sàn jù: ẹ ó ti jó ẹnu rẹ̀ mọ́ páìpù níta, kí ẹ tó yí i mọ́ra nínú ògiri. Ògiri wọn ní Amẹ́ríkà kì í sábà ṣe búlọ́ọ̀kù, igi ni, ó sì lè máa rú èéfín wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti lọ jẹun. Aṣọ tí iná kì í jó ni kí ẹ fi bo igi náà, kí ẹ sì gbé ohun ìpaná sítòsí.

Páìpù tó lọ sí ẹnu báàfù, ẹ má fi PEX (páìpù oníke tó ń tẹ̀) ṣe é. Inú rẹ̀ ha ju ti bàbà lọ. Omi tí kò bá ráyè lọ sísàlẹ̀ á máa rọ jáde lójú ṣáwà nígbà tí ẹ ń pọn omi sínú báàfù. Kí ẹni tó ń lẹ táìsì tó dé, ẹ ṣí omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi tíṣù gbígbẹ yí gbogbo ojú ibi tí ẹ jó ká. Ibi tó bá ti rin tíṣù, ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ tún un jó.