Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bàálù kékeré tó ti dàgbà

Mọ́tò tó ti lo àádọ́ta ọdún, irin àlòkù ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ṣàgámù. Ti bàálù kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Cessna 172, èyí tí wọ́n sì ṣe lọ́dún 1974 ṣì ń fò káàkiri ayé láìsí ẹni tó ń yà lẹ́nu. Ìdí ni pé wọn kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kí wọ́n tó tú u wò. Ká ní ẹnì kan wá gbé irú rẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Gateway, láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn. Ọjọ́ orí bàálù náà kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Jíjókòó lásán láìfò ni.

Ẹ́ńjìnnì Lycoming O-320 ló wà níwájú rẹ̀, sìlíńdà 4, agbára ẹṣin 150. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, òkè ni kamṣáàfù wà, ìyẹn irin tó ń yí tó fi ń ṣí fáàfù. Bí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, ọ́ọ̀lì á máa ro kúrò lára irin yìí díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi wà ní ìhòòhò. Ní àsìkò òjò ní Rẹ́mọ, tí afẹ́fẹ́ tutù rinrin láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní pẹ́ kó tó dípẹtà. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá tan ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà yẹn á máa họ irin jẹ.

Ìmọ̀ràn Lycoming ni pé kí bàálù fò fún wákàtí kan ó kéré tán láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ọ́ọ̀lì sì gbóná dáadáa, láàárín nǹkan bíi 74 sí 93 lórí ìwọ̀n Celsius. Àwọn kan máa ń tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n rò pé oore ni àwọn ń ṣe é. Epo tó ń jó máa ń di omi díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ọ́ọ̀lì kò sì ní gbóná tó láti lé omi náà jáde. Ó sàn kí wọ́n má tilẹ̀ tàn án rárá.

Wákàtí 50 ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ọ̀lì rẹ̀, tàbí oṣù mẹ́rin bí wákàtí kò bá pé. 25 ni bó bá jẹ́ asẹ́ ayé àtijọ́ ló ní, tí kò ní fíítà. Wọn kì í ju fíítà nù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gé e, wọ́n á na bébà inú rẹ̀ jáde, wọ́n á wò ó nínú oòrùn bóyá nǹkan ń dán lára rẹ̀, wọ́n á sì fi òòfà tọ́ ọ wò. Irin tó bá lẹ̀ mọ́ òòfà lè ti ara kamṣáàfù wá.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá sìlíńdà ṣì lágbára kò la títú ẹ́ńjìnnì lọ. Wọ́n á jẹ́ kó gbóná, wọ́n á pa á, wọ́n á yọ ọ̀kan nínú pùlọ́ọ̀gì méjì tó wà lára sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so páìpù afẹ́fẹ́ mọ́ ihò rẹ̀. Gééjì méjì ló wà lára irinṣẹ́ náà: ọ̀kan ń ka 80 psi (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) tó ń wọlé, èkejì ń ka èyí tí sìlíńdà rí dì mú. Bó bá ka 74, ara rẹ̀ le. Bó bá wálẹ̀ ju 60 lọ, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di abẹ̀bẹ̀ iwájú mú gírígírí, torí afẹ́fẹ́ náà lè yí i lójijì kó ṣe èèyàn léṣe.

Nọ́ńbà nìkan kò tó, etí ló ń sọ ibi tó ti ń jò. Bó bá ń ṣe ṣìì lẹ́nu sàlẹ́ńsà, fáàfù tó ń tú èéfín jáde ni kò pa dé. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáàfù kejì ni. Bó bá jẹ́ lẹ́nu ihò ọ́ọ̀lì ni, ríìngì písítìnì ni. Ìwọ̀nba ìdọ̀tí lẹ́nu fáàfù lè fa nọ́ńbà wálẹ̀, nítorí náà ẹ̀ńjíníà tó mọṣẹ́ á ní kí wọ́n fò ó, kí wọ́n tún un wọ̀n, kó tó di pé ó ní kí wọ́n yọ sìlíńdà. Ẹni tó bá yá lọ́wọ́ jù níbí, owó olówó ló ń ná.

Epo náà ní tirẹ̀. Avgas 100LL ni ẹ́ńjìnnì yìí ń mu, àwọ̀ búlúù ló ní. Jet A-1 tí àwọn bàálù ńlá ń rà, ìbátan kẹrosíìnì ni, á pa á. Bí rọ́bà ìdérí táǹkì tó wà lórí apá bá ti gbó, omi òjò á wọlé, á sì lọ jókòó sísàlẹ̀ torí ó wúwo ju epo lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu epo sínú ife tó mọ́ gaara kí wọ́n tó fò. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀: bó bá jẹ́ omi pátá ló wà nínú ife, kò ní sí ìlà kankan láàárín, ojú tó ń kánjú á sì rò pé epo ni. Àwọ̀ búlúù ni kí wọ́n wá.

Lásìkò ọyẹ́, fíítà afẹ́fẹ́ máa ń kún fún eruku. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé sì fẹ́ràn páìpù tín-ín-rín tí bàálù fi ń mọ bó ṣe ń sáré tó. Irú agbọ́n yìí ni wọ́n fura sí nínú ọ̀ràn Boeing 757 ti Birgenair tó já sínú òkun ní Dominican Republic lọ́dún 1996, tí èèyàn 189 kú. Àpò kékeré ni wọ́n fi ń bo páìpù náà.

Yàtọ̀ sí èyí, àṣẹ àìgbọdọ̀máṣe wà. Bí àléébù kan bá hàn lára irú bàálù kan, FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe Cessna, á pàṣẹ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sí gbogbo irú rẹ̀. Ọ̀kan wà lórí irin tí àga awakọ̀ ń rìn lé. Bí ihò ara irin náà tó ń dá àga dúró bá ti jẹ, àga lè yọ̀ padà sẹ́yìn bí bàálù ṣe ń gbéra, ọwọ́ awakọ̀ kò sì ní tó ìdarí mọ́.

Páàtì kò ṣeé lọ rà ní Ládípọ̀, bó ti wù kó jọ tinú rẹ̀ tó. Ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, irú FAA Form 8130-3, tó sọ ibi tó ti wá àti pé ó yẹ fún fífò. Àwọn Amẹ́ríkà gbà kí ẹni tó ni bàálù, bó bá jẹ́ awakọ̀, fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ọ́ọ̀lì, táyà àti pùlọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n bàálù tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, àmì Nàìjíríà, abẹ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ló wà, ẹ̀ńjíníà tó ní láísẹ́ǹsì ni yóò sì buwọ́ lu iṣẹ́ náà kó tó padà sókè.

Inú ìwé àkọsílẹ̀ ló ń buwọ́ lù ú: ọjọ́, iye wákàtí tí bàálù ti fò, ohun tí wọ́n ṣe, nọ́ńbà páàtì tí wọ́n fi sí i. Bí ìwé yìí bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè fi dá ẹnikẹ́ni lójú pé wọ́n ti ṣe àṣẹ orí àga yẹn rí. Wọ́n á tún gbogbo àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹni tó fẹ́ rà á gé owó náà wálẹ̀ wàràwàrà.