Oorun Nìkan Kì í Yanjú Kóòdù

"Lọ sùn, á yé ọ láàárọ̀." Bí ọ̀rọ̀ bá ti tojú sú ẹni tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn ìtọ́ni tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa kọ́kọ́ kó fún un nìyẹn. Bí kì í bá ṣe oorun, á jẹ́ pé kó lọ wẹ̀ tàbí kó rìn jáde. Agbani-nímọ̀ràn ọ̀hún kì í béèrè ohun tí èèyàn ti dán wò, kì í béèrè ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síta. Oògùn gbogboǹṣe ni, ó sì ti sú mi.

Mi ò sọ pé ìsinmi ò dára o. Kóòdù tí ẹni tí oorun ń kùn bá kọ lóru, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á rẹ́ láàárọ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni èrò pé ìdáhùn ti jókòó sínú oorun, tó ń dúró dè wá.

Ìwádìí kan ni wọ́n sábà máa ń fà yọ, tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Jámánì, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2004. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní iṣẹ́ oní-nọ́ńbà kan tí ọ̀nà àbùjá fara pamọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò, àwọn tó sùn tó sì rí àbùjá náà ju ìlọ́po méjì àwọn tí kò sùn lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé máa ń dúró sí. Gbólóhùn tó kù kì í dé etí ẹnikẹ́ni: àwọn tí wọn ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kí wọ́n tó sùn, oorun ò ṣe wọ́n láǹfààní yẹn rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Henri Poincaré, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé. Ó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ ní ìlú Coutances, èrò ńlá sì dé bá a lójijì. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló sọ pé ọjọ́ 15 lòun ti kọ́kọ́ fi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, àti pé iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe láìfura kì í so èso bí iṣẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ò bá ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí kóòdù. Ọjọ́ tí kò tọ̀nà ń jáde lára rísíìtì, lálẹ́ nìkan, fún àwọn oníbàárà kan nìkan. Ẹ ò mọ̀ pé aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni server (kọ̀ǹpútà tí kóòdù yín ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà) ń lò, kì í ṣe aago ìlú yín. Kí ni oorun fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Nígbà mìíràn, gbogbo ohun tí a nílò ti wà lọ́wọ́, a ò kàn tíì tò ó pọ̀ ni. Níbẹ̀, oorun lè ranni lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, nǹkan ọ̀hún ò sí lọ́wọ́ rárá. Lójú tèmi, èyí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, wíwá ni wọ́n sì ń wá a: ẹ ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà kọ síta délẹ̀ (ọ̀pọ̀ kì í kà á tán), ẹ jẹ́ kí kóòdù tẹ iye tó gbé dání jáde. Bí kóòdù bá ti yí padà nígbà 1,000 láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, git bisect, irinṣẹ́ tó ń wá ìyípadà tó fa àṣìṣe, á máa dá a sí méjì-méjì, nǹkan bí ìdánwò 10 ló máa fi mú ìyípadà tó bà á jẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà, ohun ìṣeré tí àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń ṣàlàyé kóòdù wọn fún sókè, gan-an wúlò ju oorun lọ: kò lè fèsì, àmọ́ ẹ máa gbọ́ ibi tí ẹ ti sọ pé "ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀" láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó jí tí ìdáhùn wà lẹ́nu wọn ló sì ń ròyìn. Ta ló ń ròyìn àárọ̀ tó jí, tó bá kóòdù bó ṣe fi í sílẹ̀?

Ó lè jẹ́ pé mo ti le jù. Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí bí ìsinmi ṣe ń ṣiṣẹ́: bóyá ọpọlọ ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀, bóyá ńṣe la kàn ń gbàgbé ọ̀nà òdì tí a rọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ èkejì, kí èèyàn lọ wẹ̀ lè tó.

Bí ẹ bá fẹ́ sùn ṣá, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sílẹ̀: ohun tí ẹ retí, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ti dán wò. Bí ẹ ò bá rí ìlà kejì kọ, ẹ má tíì sùn. Ẹ má sì gbé àtúnṣe tí kò yé yín sórí server kí ẹ tó pa iná. Àwọn tó ń lò ó ṣì lajú sílẹ̀.